Bọ́ọ̀lù "Wíwúwo" àti Èjìká Asọbọ́ọ̀lù: Ìdí tí Ọ̀rọ̀ náà "Agbára" Kò Fi Tọ̀nà

Gbólóhùn kan wà tí ó rọrùn láti kọ ní èdè Yorùbá, tí ó sì dùn létí: "Bọ́ọ̀lù wíwúwo a máa fún èjìká asọbọ́ọ̀lù ní agbára." Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú rẹ̀. Olùkọ́ lè kọ ọ́ sí ojú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ lè dà á kọ sínú ìwé rẹ̀, olùtumọ̀ sì lè gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá gbé e yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ti wọ̀n lára àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú gbólóhùn náà ni ó ń ṣini lọ́nà: "wíwúwo", "èjìká" àti "agbára". Èyí tí ó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "agbára", nítorí pé òun ni ó lè mú kí òbí kan ra irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún 13 pẹ̀lú ọkàn rere.

Bésíbọ́ọ̀lù kì í ṣe eré tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà àlàyé díẹ̀ yẹ. Nínú eré yìí, ẹnì kan a dúró lórí òkìtì kékeré, a sì sọ bọ́ọ̀lù sí ọ̀kánkán ẹni tí ó di igi mú ní ibi tí ó jìnnà tó mítà 18.44 sí i. Ẹni tí ó di igi mú fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò fẹ́ kí ó rí i gbá. Asọbọ́ọ̀lù ni orúkọ tí ó yẹ ẹni yìí, kì í ṣe ajubọ́ọ̀lù. Ènìyàn lè ju nǹkan nù, ó sì lè ju nǹkan sí kọ̀rọ̀ láìbìkítà ibi tí ó bọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ òkò ní ohun tí ó ń sọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó fa àríyànjiyàn.

Ìyára bọ́ọ̀lù ni ohun ìjà asọbọ́ọ̀lù. Nínú ìròyìn kan tí Major League Baseball, àjọ tí ń darí eré náà láàárín àwọn tí ó fi í ṣe iṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 lórí ìfarapa àwọn asọbọ́ọ̀lù, wọ́n fi hàn pé ìpíndọ́gba ìyára irú bọ́ọ̀lù tí a ń sọ láti fi sáré jù lọ ti kúrò ní máìlì 91.3 láàárín wákàtí kan ní 2008, ó ti di máìlì 94.2 ní 2024. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni bojú wò ó. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń wá ohunkóhun tí ó lè fi máìlì kan tàbí méjì kún ti wọn. Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn jù láti tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "wíwúwo". Òfin eré náà sọ pé bọ́ọ̀lù ìdíje kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju áńsì 5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju áńsì 5.25 lọ, èyí tí í ṣe gíráàmù 142 sí 149. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún bọ́ọ̀lù ìgbaradì wọ̀nyí sọ pé a di ẹrù kún wọn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé orúkọ náà ní gbọọrọ yóò pè wọ́n ní bọ́ọ̀lù wíwúwo tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́rù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí, àwọn kan wà tí ó fúyẹ́ ju bọ́ọ̀lù ìdíje lọ! Áńsì 2 péré ni òmíràn. Ẹrù wo ni ó wà lára rẹ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ìwé tí ó pe bọ́ọ̀lù áńsì 2 ní bọ́ọ̀lù wíwúwo, ó ní ẹ̀tọ́ láti rò pé ẹni tí ó kọ ìwé náà kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ohun tí ó pa àwọn bọ́ọ̀lù wọ̀nyí pọ̀ kì í ṣe wíwúwo bí kò ṣe pé wọ́n yapa kúrò nínú ìwọ̀n tí òfin fọwọ́ sí. Bọ́ọ̀lù ayapa-ìwọ̀n ni ó yẹ kí a máa pè wọ́n. Lábẹ́ orúkọ yìí ni a ó ti wá ya àwọn afúyẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn awúwo, kí a sì kọ iye gíráàmù tì wọ́n ní gbogbo ìgbà. Iye gíráàmù náà ṣe pàtàkì ju bí a ti lè rò lọ. Ní 1994, Coop DeRenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hawaii tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 10 ṣe pẹ̀lú àwọn asọbọ́ọ̀lù 225, àwọn kan láti ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn yòókù láti yunifásítì. Bọ́ọ̀lù áńsì 4 àti áńsì 6 ni wọ́n lò pẹ̀lú ti áńsì 5. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ìbáà ṣe sókè, ìbáà ṣe sísàlẹ̀. Ìyára àwọn tí ó lò wọ́n pọ̀ sí i. Nígbà tí ó di 2018, nínú ìwádìí mìíràn tí a ó mẹ́nu bà láìpẹ́, áńsì 2 títí dé áńsì 32 ni àwọn bọ́ọ̀lù náà. Áńsì 32 jẹ́ gíráàmù 907, ó sì fi ìlọ́po 6.4 wúwo ju áńsì 5 lọ. Orúkọ kan náà ni òyìnbó fi ń pe bọ́ọ̀lù áńsì 6 àti bọ́ọ̀lù áńsì 32. Ẹni tí ó bá ka èsì ti 1994 lè gbé ti áńsì 32 lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì gbà pé ohun tí ìwé sọ ni òun ń ṣe. Bí a bá ń yá orúkọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí ìdí tí a fi gbọdọ̀ yá àbùkù rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwádìí ti 2018 náà rèé. Michael Reinold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn asọbọ́ọ̀lù 38 jọ tí ara wọn dá, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 13 dé 18. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn apá kan ń sọ bọ́ọ̀lù ayapa-ìwọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Àwọn apá kejì kò sọ ju bọ́ọ̀lù áńsì 5 lọ. Apá méjèèjì ni ó ṣe ìdárayá tí ń fún ẹran ara lókun. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé, ìyára bọ́ọ̀lù àwọn tí ó lo ayapa-ìwọ̀n ti fi ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé nǹkan bí mítà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìyára gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, èrè náà kò ju bíi mítà kan lọ. Pẹ̀lú èrè yìí, ìyípo èjìká wọn sí ẹ̀yìn fi dígírì 4.3 pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìpalára dé. Àwọn mẹ́rin nínú wọn, ìyẹn ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó fara pa, àwọn méjì nígbà tí ìgbaradì náà ń lọ lọ́wọ́, àwọn méjì ní sáà ìdíje tí ó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn tí kò sọ ju bọ́ọ̀lù áńsì 5 lọ, ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Ènìyàn 38 kò pọ̀, ìwádìí kan ṣoṣo kò sì tó láti fi dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi yẹ ọ̀rọ̀ wò, nítorí pé ohun tí ó pọ̀ sí i lára àwọn ọmọ wọ̀nyí ní orúkọ, orúkọ náà kì í sì í ṣe agbára.

Láti mọ ohun tí ó jẹ́, ó yẹ kí a wo bí apá ti ń ṣe nígbà tí a bá ń sọ nǹkan. Bí ènìyàn bá na apá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó dọ́gba pẹ̀lú èjìká, tí ó sì ká ìgbọ̀nwọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dojú kọ òkè, ó lè yí apá náà títí ọwọ́ yóò fi lọ sí ẹ̀yìn orí, ó sì lè yí i títí ọwọ́ yóò fi bọ́ sí iwájú. Ti àkọ́kọ́ ni ìyí-apá-sẹ́yìn, ti ìkejì ni ìyí-apá-síwájú. Àwọn ìwé kan ti ń lo "ìyí sí òde" àti "ìyí sí inú" fún ìwọ̀nyí. Ìyẹn bá ti òyìnbó mu, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó na apá rẹ̀ bí a ti wí yìí kò ní rí òde kankan tí apá ń yí sí, ẹ̀yìn ni yóò rí. Nígbà tí asọbọ́ọ̀lù bá fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù, apá rẹ̀ a yí sẹ́yìn dé bíi dígírì 165 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ tí ó di bọ́ọ̀lù mú a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti yí padà síwájú pẹ̀lú ìyára tí ó tó bíi dígírì 7000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ṣeé ṣe kí apá máa yí lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, ìgbà 19 ni ì bá yí po kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Gbogbo ọmọ tí ó ti fi kànnàkànnà ta ẹyẹ rí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Bí a bá ti fa rọ́bà sẹ́yìn tó ni òkúta yóò ti sáré tó. Ẹni tí ó fa tirẹ̀ jìnnà sí i yóò rí i pé òkúta rẹ̀ ń sáré sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé igi kànnàkànnà náà ti lágbára ju ti àná lọ. Ọ̀nà tí òkúta ń gbà kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ni ó gùn sí i. Ọmọ náà tún mọ ohun kejì: rọ́bà tí a bá ń fà jù lójoojúmọ́ a dẹ̀.

Dídẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn ìyí-apá-sẹ́yìn nínú ìwádìí náà ni pé ẹlòmíràn ni ó fi ọwọ́ yí apá ọmọ náà títí ó fi dé òpin. Ọmọ náà kò lo okun ara rẹ̀ rárá. Ìyí àfọwọ́yí ni a lè pe irú èyí, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyí àtinúwá tí ènìyàn fi okun ara rẹ̀ ṣe. Níwọ̀n bí kò ti sí okun kankan nínú ìyí àfọwọ́yí, dígírì 4.3 tí ó fi pọ̀ sí i kò lè jẹ́ ẹ̀rí agbára. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣeé sọ pé ìdárayá tí ń fúnni lókun ni ó ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ṣe é. Ohun tí a rí ni pé oríkèé náà ń lọ jìnnà ju ibi tí ó ń dé tẹ́lẹ̀ lọ.

Níhìn-ín, èdè Yorùbá ní ọrọ̀ tí a kì í sábà ná. A ní rírọ̀, a sì ní dídẹ̀. Ara alágbára ijó a máa rọ̀, ìyìn ni. Okùn tí a fi so ẹran a máa dẹ̀, ewu ni. Ẹran tí ó rọ̀ lè nà, kí ó sì padà sí ipò rẹ̀. Ohun tí ó dẹ̀ ti nà, kò sì padà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò fún iye tí oríkèé lè lọ kò sọ èwo ni ó jẹ́ nínú méjèèjì, iye dígírì nìkan ni ó ń sọ. Olùkọ́ tí ó bá kọ "oríkèé rẹ̀ rọ̀ sí i" àti olùkọ́ tí ó bá kọ "oríkèé rẹ̀ dẹ̀ sí i" ti sọ ohun méjì tí ó takora, ó sì yẹ kí olúkúlùkù mọ èyí tí òun ń sọ.

Ọ̀nà kẹta tún wà tí ìyí-apá-sẹ́yìn fi lè pọ̀, òun ni ó sì fani lọ́kàn mọ́ra jù. Lára ọ̀pọ̀ àwọn asọbọ́ọ̀lù tí ó ti ń sọ bọ́ọ̀lù láti ìgbà èwe, eegun apá òkè fúnra rẹ̀ lọ́. Bí eegun náà ti ń dàgbà ni sísọ ń lọ́ ọ, tí ó fi jẹ́ pé apá tí wọ́n fi ń sọ bọ́ọ̀lù ń yí sẹ́yìn ju apá kejì lọ, kì í sì í lè yí síwájú tó o. Bí a bá ka iye dígírì méjèèjì pọ̀, apá ọ̀tún àti ti òsì a fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Eegun kan náà ni, ọ̀nà ni ó yí padà. Kò sí ohun tí ó dẹ̀ nínú èyí. Nítorí náà, bí a bá kàn sọ pé èjìká asọbọ́ọ̀lù kan "ń lọ sẹ́yìn púpọ̀", a kò tíì sọ nǹkan kan: ó lè jẹ́ pé eegun rẹ̀ ni ó lọ́, ó lè jẹ́ pé ẹran rẹ̀ ni ó rọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó di oríkèé rẹ̀ mú ni ó dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 kò tó fún eegun láti lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì yòókù ni ó kù láti yàn nínú wọn.

Ìdí tí dídẹ̀ fi jẹ́ ewu ní èjìká ju ní ibòmíràn lọ hàn nínú bí èjìká ti rí. Oríkèé ìbàdí dà bí ọmọ odó nínú odó. Ó jìn, ó sì dúró. Ti èjìká dà bí ìgbà tí a gbé ẹyin lé ojú àwo pẹrẹsẹ. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹyin náà yí bọ́ ni àpò tí ó bo oríkèé náà, àwọn ọ̀já tí ó wà lára àpò náà, àti ẹran mẹ́rin tí ó yí orí eegun apá ká. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́, àwọn ẹran wọ̀nyí ni ó ń dá apá dúró kí ó má baà bá bọ́ọ̀lù lọ. Glenn Fleisig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 1995 pé ipá tí ó ń di orí eegun apá mú ní àsìkò yẹn tó níútìnì 1090, èyí tí ó ju ìwúwo ọkùnrin tí ó sanra dáadáa lọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ kejì nínú gbólóhùn náà, èyí tí í ṣe "èjìká". Àwọn mẹ́rin tí ó fara pa nínú ìwádìí ti 2018, kò sí ìkankan nínú wọn tí ó fi èjìká pa. Ìgbọ̀nwọ́ ni gbogbo wọ́n fi pa! Èjìká ni ó yí padà, ìgbọ̀nwọ́ ni ó san gbèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nítorí pé nígbà tí apá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìyí-apá-sẹ́yìn ni ìgbọ̀nwọ́ ń jìyà jù lọ. Fleisig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ipá ìlọ́ tí ó wà níbẹ̀ lára àgbàlagbà, ó tó níútìnì-mítà 64. Ọ̀já tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgbọ̀nwọ́, nígbà tí wọ́n dán an wò lára apá òkú, já ní nǹkan bíi níútìnì-mítà 32. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ẹran apá ń bá a gbé nínú ẹrù náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni asọbọ́ọ̀lù ì bá sọ bọ́ọ̀lù ní ayé rẹ̀.

Ọ̀já yìí ni Dókítà Frank Jobe tún ṣe fún Tommy John ní Los Angeles ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 1974. Ó mú iṣan láti apá ọ̀tún aláìsàn náà, ó fi rọ́pò ọ̀já tí ó já ní ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀. Ọkùnrin náà padà sí orí pápá ní 1976, ó sì ń sọ bọ́ọ̀lù títí di 1989. Orúkọ aláìsàn ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà títí di òní, kì í ṣe orúkọ dókítà, èyí tí kò wọ́pọ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Níbẹ̀ náà ni "agbára" tún ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀: àwọn òbí àti olùkọ́ eré kan gbà gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ yìí a máa fún apá tí kò ní àrùn ní agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó kíyè sí i yóò ti rí i pé "ọ̀já" ni a lò láti ẹ̀yìn wá fún ohun tí ó so eegun mọ́ eegun, tí a kò pè é ní iṣan. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ju iṣan lọ nínú èdè Yorùbá nípa ara ènìyàn. Iṣan ni à ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ni à ń pe ohun tí ó so ẹran mọ́ eegun. Bí géńdé kan bá sì ń fi apá rẹ̀ yangàn, iṣan ni yóò ní òun ní. Èyí kò ṣe nǹkan kan lójú pópó, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, bí a bá kọ ọ́ pé "iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ já", dókítà yóò sáré wá ẹ̀jẹ̀, olùkọ́ eré yóò wá ẹran, kò sì ní sí ẹni tí yóò wá ọ̀já. Alápatà mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa onímọ̀ lọ: kò sí alápatà tí ó ń ta iṣan ní iye tí ó ń ta ẹran. Ẹran ni kí a máa pe ohun tí ń sún kì, tí ó sì ń dẹwọ́. Iṣan ni kí a máa pe okùn tí ó so ó mọ́ eegun. Ọ̀já eegun ni kí a máa pe ohun tí ó di eegun kan pọ̀ mọ́ èkejì bí ọ̀já ìyá ti ń di ọmọ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ní ẹ̀jẹ̀ lára orúkọ rẹ̀, kí ó máa jẹ́ orúkọ náà lọ. Pẹ̀lú ìpín yìí, ohun tí Dókítà Jobe ṣe di ohun tí a lè sọ ní gbólóhùn kan: ó fi iṣan ṣe ọ̀já.

Àwọn kan yóò ní kí a yá orúkọ òyìnbó náà lódindi, kí a fi àmì ohùn sí i, kí gbogbo wàhálà parí. Yíyá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bésíbọ́ọ̀lù, dígírì àti níútìnì tí ó wà níhìn-ín, yíyá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n níútìnì kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Orúkọ tí ó pe ohun fífúyẹ́ ní ohun tí a di ẹrù lé ti ń ṣi àwọn tí ó ni ín lọ́nà ní ilé ara wọn.

Àtakò kejì wúwo jù. Àwọn olùkọ́ yóò sọ pé okun, ipá àti agbára, ohun kan náà ni lẹ́nu Yorùbá, àti pé kò sí ẹni tí ó lè fi òfin yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé a ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, ìró àti ohùn wọ inú ara wọn. Síbẹ̀, láti ìgbà tí a ti gbé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tí ó ń fi ọ̀kan pe èkejì nínú ìdánwò. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá, nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí a là yé wọn kò sì fọ́ wọn lórí. Nítorí náà, kí ipá jẹ́ ti ohun tí ń fà tàbí tí ń tì nǹkan, èyí tí a ń fi níútìnì wọ̀n. Kí okun jẹ́ ti ohun tí ẹran lè ṣe fúnra rẹ̀. Kí ìyára jẹ́ ti bọ́ọ̀lù. Agbára ni kí a fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣirò ìmọ̀ ẹ̀dá tí ó ní ìlò pàtó fún un, kí a má sì tún gbé e sún mọ́ èjìká ọmọ ẹnikẹ́ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tí a sọ yìí ń fi bọ́ọ̀lù ayapa-ìwọ̀n bú. Àwọn tí DeRenne dán wò ní 1994 jàǹfààní rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ ń lò ó, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn tí ń wọn èjìká wọn lóòrèkóòrè. Dígírì mẹ́rin lára ẹni ọdún 25 tí eegun rẹ̀ ti gbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú dígírì mẹ́rin lára ọmọ ọdún 15. Àìdọ́gba yìí gan-an ni ó ń béèrè orúkọ tí ó péye. Bí a bá tún gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn kọ, báyìí ni yóò rí: "Nínú ìwádìí kan tí a ṣe fún ọ̀sẹ̀ 6, sísọ bọ́ọ̀lù ayapa-ìwọ̀n, láti gíráàmù 57 dé 907, fi ìyára kún bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ asọbọ́ọ̀lù, ó fi kún ìyí-apá-sẹ́yìn àfọwọ́yí èjìká wọn, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì fi ìgbọ̀nwọ́ pa." Ó gùn ju ti ìṣáájú lọ, kò sì dùn létí tó o. Kò sí òbí tí yóò kà á tán tí kò ní béèrè ìbéèrè kí ó tó san owó.

Ohun kan ṣì kù tí kò tíì ní orúkọ tí ó tẹ́ni lọ́rùn. Ní ìpẹ̀kun eegun ọmọdé, ibì kan wà tí kò tíì le, níbi tí eegun ti ń gùn sí i títí ọmọ yóò fi dàgbà tán. Ibẹ̀ kò le tó eegun, ó sì wà nítòsí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ gbogbo àwọn ọmọ ọdún 13 tí ń sọ bọ́ọ̀lù. "Eegun rírọ̀" ni àwọn kan ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe eegun etí àti ti imú, èyí tí kì í le láéláé. "Ojú ìdàgbà eegun" sàn jù ú lọ, àyàfi pé ojú ti pọ̀ jù nínú èdè wa: ojú ọgbẹ́, ojú oríkèé, ojú eegun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ nípa ara ènìyàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ti rí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn fún un, kí ó fi ránṣẹ́.